Háídírójìn ò ní gbé wa dé Ọjọ́ta

Fídíò yẹn tún ti padà dé. Ẹ mọ èyí tí mò ń wí. Ọkùnrin kan á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, á ṣí ẹnu táńkì, á da omi inú ike sí i, á sitáàtì ẹ́ńjìnnì, mọ́tò á sì gbéra. Wọ́n á wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ọmọ Nàìjíríà ló ṣe é, pé àwọn òyìnbó ni ò fẹ́ ká mọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ọ̀kan nínú àwọn tó fi ránṣẹ́ kàwé gboyè nínú ìmọ̀ físíìsì.

Mi ò bá wọn wí o. Kí Ààrẹ Tinubu tó kéde ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, iye tí ìjọba fọwọ́ sí fún lítà epo bẹntiróòlù kan ò tíì pé 200 náírà. Kí oṣù Keje ọdún yẹn tó parí, ó ti lé ní 600. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa kógbá sílé, ó ti kọjá 1,000 náírà ní ibi púpọ̀. Ẹni tó ń wọ dánfó láràárọ̀ láti Kẹ́tu lọ sí Ọbáléndé ò nílò kí n ṣàlàyé fún òun. Tí epo bá ti le tó báyìí, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í jọ epo lójú èèyàn.

Ṣùgbọ́n omi kì í ṣe epo. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti fi yé ara wa ni pé omi ni eérú háídírójìn. Bí igi bá jóná tán, eérú ló ń kù. Bí háídírójìn bá jóná tán, omi ló ń kù. Kò sẹ́ni tó ń fi eérú dáná. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ háídírójìn kúrò lára omi padà, àfi kẹ́ ẹ ná iná mànàmáná lé e lórí, iná tẹ́ ẹ sì máa ná á ju èyí tẹ́ ẹ máa rí gbà lọ. Ibẹ̀ ni gbogbo fídíò yẹn ti ń ṣubú, ibi tí ẹni tó ń yà á kì í gbé kámẹ́rà dé.

Ṣé ẹ rántí àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tó gbé jẹnẹrétọ̀ tó ń fi ìtọ̀ ṣiṣẹ́ wá sí Maker Faire Africa ní Èkó lọ́dún 2012? Gbogbo ayé ló gbé e. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, mo sì júbà wọn, torí nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí tiwọn, bí mo ṣe máa sá fún iṣẹ́ ṣíṣe nílé ni mò ń rò. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìròyìn ò sọ ni pé ẹ̀rọ náà nílò iná kó tó lè yọ háídírójìn kúrò nínú ìtọ̀. Agbára ni háídírójìn ń gbé láti ibì kan dé ibòmíì, bí kẹ́ẹ̀gì ṣe ń gbé omi. Kẹ́ẹ̀gì kì í ṣe kànga.

Èyí ò wá sọ pé irọ́ ni mọ́tò háídírójìn. Òótọ́ ni. Láti ìparí ọdún 2014 ni Toyota ti ń ta èyí tí wọ́n pè ní Mirai, Hyundai náà ní Nexo. Wọ́n á há háídírójìn mọ́ inú táńkì pẹ̀lú agbára tó tó 700 bar (afẹ́fẹ́ inú táyà mọ́tò yín ò ju bíi 2 bar lásán lọ). Ẹ̀rọ kan nínú ọkọ̀ á pò ó mọ́ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, iná mànàmáná á jáde, iná yẹn ló ń yí táyà. Omi ló ń kán láti ẹ̀yìn. Kò sí èéfín, kò sí ariwo, bíi ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ fi máa rọ táńkì kún. Ta ni ò ní fẹ́ ẹ?

Ìṣirò ẹ̀ ló ń bà á jẹ́. Ká ní ẹ ní iná 100 lọ́wọ́. Ẹ fi lára ẹ̀ fọ́ omi, ẹ fi lára ẹ̀ há háídírójìn mọ́ táńkì, ẹ fi lára ẹ̀ gbé e dé ibi tẹ́ ẹ ti máa tà á, ẹ wá sọ ọ́ di iná padà nínú ọkọ̀. Kó tó dé táyà, nǹkan bíi 30 ló kù. Ẹ mú iná 100 yẹn kan náà, ẹ kì í bọ bátìrì tààrà, nǹkan bíi 70 tàbí kó lé ló máa dé táyà. Orílẹ̀-èdè tí iná pọ̀ fún títí tí wọ́n fi ń dà á nù lè ṣe irú eré bẹ́ẹ̀. Àwa tá a lé ní 200 mílíọ̀nù, tí à ń pín nǹkan bíi megawatt 4,000 sí 5,000 mọ́ ara wa lọ́wọ́, tí ọ̀pá iná gbogbo orílẹ̀-èdè ṣubú léraléra lọ́dún 2024, níbo la ti fẹ́ rí ìdá méjì nínú mẹ́ta tá a máa fi ṣòfò?

Ẹ wo California, ibi tí owó wà, tí ìjọba sì ti wà lẹ́yìn háídírójìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oṣù Kejì ọdún 2024, Shell ti gbogbo ibi tó ti ń ta háídírójìn fún mọ́tò kéékèèké níbẹ̀ pa. Láwọn ibi tó ṣẹ́ kù, kílò kan ti ń tó dọ́là 36. Táńkì Mirai ń gba kílò márùn-ún ó lé díẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ ní náírà, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ jókòó. Lọ́dún kan náà, àwọn kan tó ra Mirai gbé Toyota lọ sílé ẹjọ́, wọ́n ní iléeṣẹ́ náà ò jẹ́ káwọn mọ bí háídírójìn ṣe máa ṣòro rí tó. Mi ò sọ pé wọ́n jàre, ilé ẹjọ́ ló máa sọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ ọlọ́rọ̀ bá ń wá háídírójìn kiri ní Los Angeles, kí lẹ rò pé dánfó máa rí ní Ọjọ́ta?

Ó tún ku ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀ jù lọ háídírójìn tí wọ́n ń lò lágbàáyé lónìí, látara gáàsì àti èédú ni wọ́n ti ń yọ ọ́, èéfín iṣẹ́ náà sì ń lọ sójú ọ̀run bíi ti tẹ́lẹ̀. A ní in nílé pàápàá: iléeṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí ń yọ háídírójìn látara gáàsì kó tó lè ṣe ajílẹ̀ urea. Ibẹ̀ ló wúlò sí. Ajílẹ̀, ilé ìfọpo, ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin, bóyá àwọn tírélà tó ń rin ọ̀nà jíjìn lọ́jọ́ iwájú. Jámánì ṣí ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ háídírójìn sí Abuja lọ́dún 2021. Kò burú, oníbàárà ni wọ́n. Tí wọ́n bá fẹ́ rà, ká tà fún wọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣáà wá fi ìyẹn ṣe ìlérí ọkọ̀ èrò fún wa nígbà ìbò.

Ohun tí ìjọba gbé fún wa dípò bẹntiróòlù ni gáàsì, CNG. Èmi ò sí lára àwọn tó ń bú u. Gáàsì wa ni, a ti ń sun ún dànù ní Niger Delta láti ìgbà tí àwọn bàbá wa wà lọ́mọdé. Lọ́dún 2024, nígbà tí lítà epo kan ń sún mọ́ 1,000 náírà, gáàsì tó máa ṣe iṣẹ́ lítà kan ń lọ ní bíi 230 náírà. Dẹrẹ́bà tó bá rí i rà, ó jèrè.

Wàhálà wà nínú “tó bá rí i rà” yẹn. Mo bá dẹrẹ́bà kóròpe kan sọ̀rọ̀, ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Aago mẹ́rin ìdájí ló ń dé orí ìlà, ó sì máa ń tó aago mẹ́sàn-án nígbà míì kó tó kan án. Ó ní, “Ọmọ mi, owó tí mo rí fi pamọ́ lórí epo, ìlà ti gbà á. Èrò tó yẹ kí n gbé láàárọ̀, wọ́n ti dé ibi iṣẹ́.” Mo bi í bóyá ó máa padà sí bẹntiróòlù. Ó wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ ò pé.

Ọ̀rọ̀ ààbò náà wà ńbẹ̀. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024, mọ́tò kan bú gbàù nílé epo kan ní ìlú Benin, ìpínlẹ̀ Edo, níbi tó ti ń gba gáàsì, ó sì ṣe àwọn èèyàn léṣe. Àwọn tó ń bójú tó ètò CNG fún ìjọba sọ pé sìlíńdà inú ẹ̀ kì í ṣe ojúlówó ti CNG, pé ńṣe ni wọ́n wẹ́ẹ̀dì ẹ̀ pọ̀. Sìlíńdà CNG ń gba agbára tó tó 200 bar. Ti gáàsì ìdáná inú kíṣìn yín ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyẹn. Mẹkáníìkì tó bá fi ọ̀kan dípò èkejì, bọ́ǹbù ló gbé sábẹ́ ìjókòó èrò. Ìbéèrè tí mo béèrè nígbà yẹn, tí mo sì ń béèrè títí di òní ni pé: èrò tó wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ta ló máa pè lẹ́jọ́? Ṣé dẹrẹ́bà tí kò mọ nǹkan kan ni, àbí mẹkáníìkì tó ti kó ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lọ, àbí ilé epo tó ń ta gáàsì láì wo ìwé ẹ̀rí sìlíńdà?

Ní ti ojú ọjọ́, èéfín gáàsì kéré díẹ̀ sí ti bẹntiróòlù tó bá jó tán. Tó bá ń jò kó tó dénú ẹ́ńjìnnì, ọ̀rọ̀ yí padà, torí mẹ́téènì inú ẹ̀ ń mú ayé gbóná ní ìlọ́po tó ju 80 lọ ju èéfín lásán lọ láàárín ogún ọdún. Nítorí náà, ibùsọ̀ ni CNG, kì í ṣe ilé. Kí àwọn ọkọ̀ ńlá máa lò ó ná.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ẹ gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá. Ẹ lọ sí Kútọnu.

Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ rí mọ àwọn ọlọ́kadà wọn, zémidjan, tó ń wọ ẹ̀wù yẹ́lò. Ó mọ kpayo náà, ìyẹn epo Nàìjíríà tí wọ́n fi fàyàwọ́ gbé kọjá bọ́dà, tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó ìrànwọ́ tí à ń san nílé, àwọn náà ń gùn ún lọ́dọ̀ọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Abuja yọ ọ́, ariwo sọ ní Kútọnu àti Pọ́tónófò. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó kpayo fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n sọ níbi ìbúra ní Abuja gba owó lápò ọlọ́kadà tí kò dìbò fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ti wà nílẹ̀ kí ariwo tó sọ. Iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ M Auto nígbà yẹn, tó ti di Spiro báyìí, ti ń kó ọ̀kadà oníná wọ Kútọnu àti Lomé. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rọrùn. Ọlọ́kadà ò jókòó de kí bátìrì ẹ̀ gba iná. Tó bá ti fẹ́ tán, á yà sí ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ẹ̀, wọ́n á yọ èyí tó ti rẹ̀, wọ́n á ki èyí tó kún bọ̀ ọ́, á sanwó, á máa lọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ọ̀kadà yìí ló wà lójú títì wọn lónìí. Kì í ṣe torí pé wọ́n fẹ́ràn ojú ọjọ́ jù wá lọ. Ọlọ́kadà tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ ò ráyè ìyẹn. Owó ló ṣírò.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín tó sì ń dùn mí nìyí: Nàìjíríà wà lára àwọn tó ń ta iná mànàmáná fún orílẹ̀-èdè Benin àti Tógò. Ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀kadà tó ń kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ níwájú ọjà Dantokpa máa jẹ lára iná tí wọ́n ṣe nílé wa, nígbà tí tiwa ń bú ramúramù ní Mokola, tó ń tu èéfín sójú ọmọ ilé ìwé.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. “Iná wo?” Ìbéèrè gidi ni, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Bátìrì ọ̀kadà kan kì í sábà ju yúníìtì iná méjì sí mẹ́ta lọ. Ká ní ọlọ́kadà pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, yúníìtì márùn-ún nìyẹn. Àwọn tó wà ní Band A, tí wọ́n fi owó lé lórí ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ń san 225 náírà fún yúníìtì kan nígbà náà. Owó iná ọjọ́ kan jẹ́ 1,125 náírà. Tó bá jẹ́ bẹntiróòlù, ká ní lítà mẹ́rin ní 1,000 náírà, 4,000 nìyẹn. Iléeṣẹ́ á fi èrè tiẹ̀ lé e, owó bátìrì náà wà ńbẹ̀, síbẹ̀ àyè ṣì wà láàárín méjèèjì. Kò sì pọn dandan kí gbogbo àdúgbò ní iná kí ètò yìí tó ṣiṣẹ́. Ibi ìpààrọ̀ ló nílò ẹ̀. Ilé kan ní òpópónà tó ní Band A, tàbí ilé tó ní sólà lórí òrùlé, tó ń rọra fún bátìrì ní iná nígbà tí oòrùn bá mú. Òfin Iná Mànàmáná ọdún 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ lágbára láti ṣètò iná tiwọn. Èkó ti ṣe òfin tiẹ̀ lọ́dún 2024. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó kéré bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ dísù ni wọ́n máa fi fún bátìrì ní iná, kí wọ́n jọ̀ọ́ má yọ wá lẹ́nu. Èéfín kàn kó kúrò ní títì lọ sẹ́yìn ilé ni.

Àwọn ìjọba wa, nǹkan ńlá ni wọ́n máa ń fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2023, LAMATA àti Oando gbé bọ́ọ̀sì oníná jáde ní Èkó. Wọ́n ya fọ́tò púpọ̀. Bọ́ọ̀sì méjì ni. Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, bọ́ọ̀sì náà dáa, ìdánwò sì ni wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlú yín, kí lẹ rí lójú títì? Ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ìwọ̀nyí ni bátìrì wọn kéré, ìwọ̀nyí ni ọ̀nà wọn ò jìn, àwọn tó ń wà wọ́n sì ni owó epo ń pa jù. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé láti ọjọ́ 1, oṣù Kẹfà, ọdún 2022, Èkó ti lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Etí-Ọ̀sà, Àpápá, Èkó Island àti Mainland. Wọ́n ní torí ìjàǹbá àti ààbò ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n òfin yẹn ò bìkítà bóyá epo lọ̀kadà ń jẹ tàbí iná, kò sì sí olówó tó máa kó bátìrì wá sí ìlú tí wọ́n lè fòfin dè é lọ́la láì sọ tẹ́lẹ̀. Ìbàdàn, Òṣogbo, Àkúrẹ́, Abẹ́òkúta ni kí ẹni tó bá ní làákàyè ti bẹ̀rẹ̀, kí Èkó fi kẹ̀kẹ́ Márúwá bá wọn kẹ́gbẹ́.

Mo lè parí ọ̀rọ̀ síbí tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ nìkan ni. Àmọ́ lóṣù tó kọjá, àbúrò mi kan tó ń gun ọ̀kadà ní Ìbàdàn fi fọ́tò ìwé àdéhùn ránṣẹ́ sí mi, ojú ewé mọ́kànlá, Gẹ̀ẹ́sì gbogbo ẹ̀. Iléeṣẹ́ kan (kì í ṣe èyí tí mo dárúkọ lókè) fẹ́ fún un ní ọ̀kadà oníná. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó kí n tó fọwọ́ sí i. Wọ́n ní lọ́la ni.” Inú ẹ̀ ń dùn. Bí mo ṣe ń kà á, tèmi ń bàjẹ́.

Ojoojúmọ́ ló máa máa sanwó fún oṣù méjìdínlógún, lẹ́yìn náà ọ̀kadà di tiẹ̀. Ó dáa. Bátìrì ò ní di tiẹ̀ láéláé, yíyá ni. Ìyẹn náà ṣeé gbọ́. Iléeṣẹ́ lè yí owó ìpààrọ̀ padà nígbàkigbà tó bá wù ú, láì kọ́kọ́ sọ fún un. Hẹn-ẹn. Tó bá jẹ owó ọjọ́ méjì, iléeṣẹ́ lè ti ọ̀kadà náà pa láti ọ́fíìsì, nítorí ẹ̀rọ kan wà nínú bátìrì tó ń gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu láti ọ̀nà jíjìn. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé wọ́n máa pè é ná. Tó bá wà lórí Ring Road pẹ̀lú èrò lẹ́yìn ńkọ́? Ìwé ò sọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ mi sọ̀rọ̀ díẹ̀. A ní òfin haya-pọ́ṣéèsì ní Nàìjíríà láti ọdún 1965. Kò sí ọkọ̀ tí owó ẹ̀ pọ̀ jù fún un. Ohun tó dára jù nínú ẹ̀ ni pé tí ẹni tó ń san díẹ̀díẹ̀ bá ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún owó ọkọ̀, ẹni tó ni ín ò gbọ́dọ̀ dédé gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́ láì lọ sílé ẹjọ́. Tí ọ̀kadà bá jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà, tẹ́ ẹ bá ti san 600,000, àfi adájọ́. Òfin náà gba ẹni tó ni ọkọ̀ láyè láti gbé e pamọ́ kó má bàa bàjẹ́ tí owó ìgbà mẹ́ta bá ti wọlé sọ́rùn ẹni tó ń san án, àmọ́ ìgbépamọ́ nìyẹn, kì í ṣe ìgbàpadà. Àwọn tó ṣe òfin yẹn ń ro ti ọkùnrin mẹ́ta tó máa wá lóru pẹ̀lú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń wọ́ mọ́tò. Wọn ò ro ti bọ́tìnì.

Ẹ wá sọ fún mi. Àbúrò mi ti san oṣù mẹ́rìndínlógún nínú méjìdínlógún. Ara ẹ̀ ò yá fún ọ̀sẹ̀ kan, owó wọlé sí i lọ́rùn, wọ́n tẹ bọ́tìnì. Ọ̀kadà ṣì wà níwájú ilé ẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Lọ́yà iléeṣẹ́ á dìde, á ní àwọn ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀, bátìrì tiwọn ni àwọn ní kó má ṣiṣẹ́. Tèmi á dìde, á ní ọ̀kadà láì sí bátìrì, irin ni. Mi ò mọ adájọ́ tó ti dá irú ẹjọ́ yìí rí nílùú yìí, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ orí àbúrò mi ni wọ́n máa ti kọ́ ọ.

Ọlọ́kadà tó ń lo bẹntiróòlù, tí ilé epo kan bá rẹ́ ẹ jẹ, á wakọ̀ lọ sí èkejì. Ẹni tó ń gun oníná ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú bátìrì iléeṣẹ́ kan ò bá ti èkejì mu, kò sì sí ẹni tó fi dandan lé e pé kó bá a mu. Ó wá di pé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni oúnjẹ òòjọ́ ẹ̀ wà, ẹni yẹn ló sì ń dá owó lé e. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2018, ní àdéhùn tó bá jẹ́ ìrẹ́jẹ ò gbọdọ̀ dúró. Àjọ FCCPC ló wà nídìí ẹ̀. Kí wọ́n pe àwọn iléeṣẹ́ yìí jókòó nísinsìnyí tí ọ̀kadà wọn ò tíì pọ̀ jù, kó tó di ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Kí àjọ SON sọ irú ojú tí bátìrì ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ ní, kí bátìrì ti Ìbàdàn lè wọ ọ̀kadà tó ti Òṣogbo wá. Kí Ilé Aṣòfin ní Abuja fi ìlà kan ṣoṣo kún òfin 1965 yẹn: títi ọkọ̀ pa láti ọ̀nà jíjìn, gbígbà á ni. Ìlà kan. Kò gba ìgbìmọ̀ ogún èèyàn.

Kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tó kó bátìrì wọlé ló máa kó òkú ẹ̀ jáde. A ti rí i ní Ògijó, ìpínlẹ̀ Ògùn, ohun tí yíyọ́ bátìrì mọ́tò àtijọ́ ń fi òjé ṣe sí ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn. Bátìrì ọ̀kadà kì í ṣe irú kan náà pẹ̀lú ìyẹn, ṣùgbọ́n ààtàn kan náà ló máa bọ́ sí tá ò bá ṣọ́ra.

Àwọn kan á ní mo ń dá olówó dúró, pé tí òfin bá pọ̀ jù, wọn ò ní wá. Mo ti gbọ́ ọ. Ohun kan náà ni wọ́n sọ nípa ìwé ẹ̀rí sìlíńdà, títí ti ìlú Benin fi bú.

Àbúrò mi ò fọwọ́ sí i lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kó lọ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé wọ́n lè sọ fún òun ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú kí wọ́n tó fowó kún ìpààrọ̀? Ṣé wọ́n lè pe òun lórí fóònù kí wọ́n tó ti ọ̀kadà pa, kó má ṣẹlẹ̀ lójú títì? Tí òun bá san owó tán, tí iléeṣẹ́ sì kógbá wọlé, ta ló máa ta bátìrì fún òun? Ó lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ọmọbìnrin tó wà ní kántà fetí sílẹ̀ dáadáa, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó ní òun á bi ọ̀gá. Ó ní láti ìgbà tí àwọn ti ń pín ọ̀kadà yìí, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó béèrè nǹkan kan yàtọ̀ sí àwọ̀.

Wọn ò tíì pè é padà. Lánàá tá a jọ sọ̀rọ̀, ó ṣì ń ra epo.